Ọkọ Mi Ní Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Ló Bàjẹ́

Bí mo ṣe jókòó yìí tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi yọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yìí lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, mo sì ti gbàdúrà títí pé kí Ọlọ́run dá a padà fún mi. Ní báyìí tó wá dé, ńṣe ni mo sá wọ yàrá, tí mo fi etí gèlè bo ẹnu kí ẹkún mi má baà jáde síta. Àbúrò rẹ̀ ló ti Ẹ̀pẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Ó gbé ẹ̀rọ ìgégi tí ọkọ mi fún un lé èjìká wálé, ó sì ní ẹ́ńjìnnì náà kò gégi mọ́. Ohun tó ń pa ọkọ mi lẹ́rìn-ín nìyẹn, òun náà ló ń pa mí lẹ́kún. Tí ẹ bá ní sùúrù fún mi, màá to ọ̀rọ̀ náà fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí, ìmọ̀ràn ni mo sì ń wá.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, iṣẹ́ ló gbé wa dé Ìmọ́tà. Aṣọ ni mò ń rán níwájú ilé tí a rẹ́ǹtì, igi ni ọkọ mi ń gé. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà o! Láti Agbówá títí dé Ìtóìkín, bí onígẹdú bá ní igi ńlá tó dúró síbi tó léwu, tó tẹ̀ sórí ilé onílé, Bàbá Mọ́rúfù ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Á yí igi náà po, á wo orí rẹ̀, á tọ́ka síbi tó fẹ́ kó sùn sí, ibẹ̀ gan-an ni igi náà á sì sùn sí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ mú nígbà yẹn. Òun ló ń bá mi ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ojú tèmi kì í rí ohun tín-ín-rín dáadáa, á sì máa pè mí ní télọ̀ tó ń fi ọwọ́ wòran. Inú mi máa ń dùn sí yẹ̀yẹ́ náà ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí ẹ̀rọ ìgégi nítòsí rí, ṣéènì ló fi ń jẹ igi. Eyín wẹ́wẹ́ ló wà lára ṣéènì náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì. Bí eyín bá kú, fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń pọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn ọ̀pùrétọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà, ẹnì kan kì í bá ẹnì kejì pọ́n ṣéènì. Wọ́n ní bí ọwọ́ ṣe ń dà fáìlì yàtọ̀ síra, àti pé tí ọwọ́ àjèjì bá ti kan ṣéènì rẹ, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀ ẹ́ mọ́. Ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó lè bọ́ bùbá ọrùn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, àmọ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ojoojúmọ́ tó bá ti kírun àárọ̀ tán ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí á gbé ẹ̀rọ náà sáàárín orúnkún, tí á máa pọ́n eyín rẹ̀, tí á sì máa kọrin wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ gbó kú, Ràṣídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a wá òmíràn. Agégi ni Ràṣídì náà, mọ́sálásí kan náà ni wọ́n ti ń kírun. Tòkunbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ẹni tó lò ó lókè òkun ti fi rọ́bà wé ibi tí wọ́n ń dì mú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ló fi ṣiṣẹ́ láìyọ ọkọ mi lẹ́nu. Ó ń yìn ín bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, tó dé láti oko lọ́jọ́ kan, tó gbé e jù sílẹ̀, tó ní, “Ẹ́ńjìnnì yìí ò lágbára mọ́.” Ó ní ó ń bú ramúramù bó ṣe ń bú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan igi, kò jẹ ẹ́, àfi kí òun fi gbogbo àyà tì í wọlé. Èérún igi ńlá ńlá ló máa ń tú jáde tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, lẹ́búlẹ́bú bíi gààrí tó kúnná ló ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ ibi tí èèyàn á kọ́kọ́ wò. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó yọ fíltà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn. Ó ní bóyá ọ́ìlì tí òun ń pò mọ́ bẹntiróòlù ti pọ̀ jù, ó da ti tẹ́lẹ̀ nù, ó po òmíràn. Ó tú sáìlẹ́ńsà, ó ha èédú inú rẹ̀, ó tún kábúrétọ̀ sẹ́tì. Ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ́ńjìnnì á ké débi tí àwọn ayálégbé á máa bẹ̀ wá, tó bá sì dénú oko, kò ní jẹ igi síbẹ̀. Ó wá ra ṣéènì tuntun. Ha! Lọ́jọ́ yẹn ó gégi bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí, ọkọ mi ra ẹran wálé. Kò pẹ́ tó fi pọ́n ṣéènì tuntun náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ló bá tún di ẹjọ́. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó ra òmíràn, bákan náà ló rí. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa igi ló bi í pé, “Bàbá Mọ́rúfù, kí ló dé tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti pọ́n ọn ló ń bàjẹ́?” Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀. Ó ní kí n máa rán aṣọ mi.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mò ń rí lásìkò yẹn tí n kò so pọ̀. Tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ fún un, á ní òun kì í ṣe ọmọọ̀ṣẹ́ mi. Ó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, lápá òsì nígbà gbogbo, á sì jágbe mọ́ àwọn ọmọ pé àwọn ni wọ́n gbé nǹkan sójú ọ̀nà. Orí ń fọ́ ọ. Mo rò pé ìbínú ẹ́ńjìnnì ló ń dà á láàmú, mo sì ń se ohun tó fẹ́ràn láti fi tù ú nínú. Ta ni yóò rí ọkùnrin tó ń jà pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí yóò rò pé ara ọkùnrin náà ni kí òun yẹ̀ wò?

Ibi tó ti dùn mí jù ni ti Ràṣídì. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe kírun tán, tí èrò ṣì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ọkọ mi dì í láṣọ mú. “Ràṣídì, òkú ẹ́ńjìnnì lo tà fún mi! O mọ̀, o sì tà á fún mi!” Ràṣídì búra títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ sóko, kí n bá yín dán an wò, kí n bá yín wo ṣéènì ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ṣéènì yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Àwọn èèyàn ló là wọ́n. Láti ọjọ́ náà, Ràṣídì kì í wá sílé wa mọ́, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbé aṣọ wá fún mi rán mọ́.

Níkẹyìn, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká gbé e lọ bá rẹpíà kan ní Ìkòròdú, lẹ́bàá Sábó, tí kì í tún nǹkan mìíràn ṣe ju irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ lé e. Rẹpíà náà fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí sí i, ó pa á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yín ò ní wàhálà kankan.” Ó yọ ṣéènì ọkọ mi, ó fi tirẹ̀ sí i, ó gbé e lé ìtì igi kan tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wọ inú igi bíi pé iṣu sísè ni. Ó dá ti ọkọ mi padà, ẹ́ńjìnnì ń bú, igi ń wò ó níran. Ó wá na ṣéènì náà sí wa. Ó ní àwọn eyín apá kan mú, wọ́n dọ́gba, àmọ́ ti apá kejì, àwọn kan ga, àwọn kan kú, fáìlì gba orí àwọn mìíràn kọjá láìkàn wọ́n. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Rẹpíà ní kó fi hàn án, ó gbé fáìlì lé e lọ́wọ́. Mo dúró tì wọ́n. Mo rí i bí ọkọ mi ṣe yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àṣá, tó fa ṣéènì súnmọ́ imú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Rẹpíà rọra gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó fún un, ó kọ̀, ó rọra sọ fún mi pé, “Àǹtí, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ojú bọ̀dá ni kẹ́ ẹ lọ fi han dókítà.”

Ṣé ẹ rò pé ó gbà? Ó ní rẹpíà náà ò mọṣẹ́. Ó ní mo ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń pẹ̀gàn òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo rán ìyá rẹ̀ sí i láìsọ ìdí, òjò lọ, ọyẹ́ dé, ó ṣì ń tú kábúrétọ̀, ó ṣì ń ra púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ tí igi kan yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́nà Agbówá, tó wó lé ilé ìdáná ìyá arúgbó kan, ni ọ̀rọ̀ yé òun fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọnmi ni. Ọkọ mi wálé, ó jókòó, kò bú ẹ́ńjìnnì, kò bú Ràṣídì. Ó ní, “Ìyá Mọ́rúfù, mú mi lọ síbi tí o ní ká lọ.”

Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ́. Ó ní àìsàn kan ni tó máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀, kì í dun èèyàn, ojú kì í pọ́n, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì ti kó, kò sí oògùn tó lè gbà á padà. Ojú òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún kù díẹ̀, díẹ̀ náà sì ti dínkù láti ìgbà yẹn, òjìji èèyàn nìkan ló ń rí báyìí. Mo bi dókítà pé tí a bá tètè wá ńkọ́? Ó wojú mi, ó ní à bá fi oògùn tí wọ́n ń kán sójú dá a dúró. Ẹ ò lè mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Gbogbo oṣù tí a fi ń wá àìsàn ẹ́ńjìnnì kiri! Dókítà tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan, òun ló fa gbogbo ohun tí mò ń bá yín sọ yìí. Ó ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, pé kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa wá ṣe àyẹ̀wò kíákíá, kódà bí ojú kò bá tíì dà wọ́n láàmú.

Bí a ṣe jáde sí títì, ọkọ mi wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, kò dì mí lọ́wọ́ mú rí níta. Ó ní, “Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìfọ́jú wà nílé wa, ta ló máa pe Músílíù síṣẹ́? Ta ló máa fẹ́ ọmọ wa? Jẹ́ kí wọ́n gbà pé èéfín ẹ́ńjìnnì yẹn ló bà mí lójú jẹ́.” Ọkùnrin yìí kì í bẹ èèyàn. Mo ní mo ti gbọ́, mo ní n kò ní sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa nìkan ni mo kó lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjẹ́ kó mọ̀. Ojú wọn ṣì dára, mo sì dúpẹ́.

Músílíù tó dárúkọ yẹn ni àbúrò rẹ̀ tó ń gégi ní Ẹ̀pẹ́. Èmi kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, mo bá a nílé ọkọ ni, Ọkọ Kékeré ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni ọkọ mi gbé ẹ́ńjìnnì náà fún nígbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní, “Gbà, kò dáa, àmọ́ ọ̀dọ́ ni ẹ́, bóyá ìwọ á rí i lò.” Ẹ́ńjìnnì náà sì gégi fún Ọkọ Kékeré! Kò ṣe àtúnṣe kankan sí i, ó gbé e délé, ó pọ́n ṣéènì, ó gégi. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa, tó sì ní ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ojú ọkọ mi á wálẹ̀. Ó di pé kì í béèrè mọ́. Ó ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò kọrin, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ilé kàn dákẹ́ rọ́rọ́ ni.

Ẹ wá jẹ́ n padà sí tàárọ̀ yìí. Mò ń gbé oúnjẹ lọ sí pálọ̀ fún wọn nígbà tí mo gbọ́ tí Ọkọ Kékeré ń sọ pé, “Bọ̀dá, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é o. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti fọ fíltà. Tí mo bá ra ṣéènì tuntun, á gé. Tí mo bá ti wá pọ́n ọn báyìí, ó tán.” Ohun tí ọkọ mi ń sọ nígbà yẹn gan-an nìyẹn. Ọkọ mi ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ lu itan. “Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo parọ́? Mo ní ẹ́ńjìnnì ni, ẹ ní ojú mi ni! Ẹ bá mi pe Ràṣídì wá!” Inú Ọkọ Kékeré dùn pé ẹ̀gbọ́n òun ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá a rín in.

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Mo ní, “Ọkọ Kékeré, ẹ bá mi pọ́n eyín ṣéènì yẹn díẹ̀, kí n wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é.” Ó ní ṣé ìyàwó àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ ni? Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo bu omi mímu sínú ife, mo gbé e kalẹ̀ lápá òsì rẹ̀, kò jìnnà sí i rárá. Ó yí ọrùn. Ó fa ṣéènì súnmọ́ imú. Nígbà tó na ọwọ́ láti mú àkísà, ó gbá ife náà dànù, omi rin ín lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ta ló gbé omi síbí?” Mo ní kó má bínú, mo fi àkísà nu ilẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kí ó má baà rí ojú mi. Ọkọ mi kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ọ̀la ni Ọkọ Kékeré ń padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní wọ́n ti pe òun síbi igi kan tó dúró lẹ́yìn ilé ìwé, pé òun á kàn ra ṣéènì tuntun kóun fi gé e. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀ pé kí n parọ́ pé mo fẹ́ lọ ra ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́, kí a jọ wọkọ̀, kí n sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà kí a tó dé Ìtóìkín. Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Ìyàwó wo ló ń jókòó ti àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń sọ fún un pé àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ilé yín, ẹ̀gbọ́n yín mọ̀, ó sì ní kí n má sọ fún yín? Wọ́n á ní èpè ni mò ń ṣẹ́ fún wọn. Tí ọkọ mi bá sì gbọ́, ohun kan ṣoṣo tó ń fi gbé orí sókè ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni etí mi kò gbàgbé ohun tí dókítà sọ, pé ẹni tó bá tètè wá, oògùn á bá a dá ojú rẹ̀ dúró. Ọkọ Kékeré ṣì ń rí mi. Ó kí mi káàárọ̀ láti ẹnu géètì kí n tó kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbélé ọkọ pẹ́ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ̀rọ̀, mo sì gbà fún un. Àbúrò rẹ̀ kò bẹ̀ mí pé kí n sọ̀rọ̀, nítorí kò mọ̀ pé ohun kan wà lọ́wọ́ mi tó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ fún.